Ìyàwó Tí Kì Í Ṣiṣẹ́ Bí Ọkọ Ò Bá Sí Nílé

Ọ̀kẹ́ mẹ́sàn-án ni ilé-iṣẹ́ ọṣẹ ṣì jẹ Ká-tún-un-wò, owó náà kò sì fẹ́ jáde. Kì í ṣe pé wọn ò ní in. Owó wà, Akápò tí yóò san án wà, kálámù tí yóò fi fọwọ́ sí i wà lẹ́yìn etí rẹ̀. Iṣẹ́ ni kò tíì pé. Àdéhùn tí wọ́n jọ ṣe kò ní kọ́nà kankan: ọjọ́ tí apá irin tí Ká-tún-un-wò ṣe fún wọn bá ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn títí di ìgbà tí wọ́n ṣíwọ́, tí kò ju pálí ọṣẹ kan ṣoṣo sílẹ̀, ọjọ́ náà ni yóò gba èyí tó kù. Ẹni tó bá da omi síwájú ni í tẹ ilẹ̀ tútù. Àmọ́ omi tí ọkùnrin yìí dà síwájú, àfi bí ẹni pé ilẹ̀ ti fà á mu.

Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ ti di ohun tí báńkì nìkan ń lò. Ká-tún-un-wò ni gbogbo ayé ń pè é, nítorí pé láti ìgbà tó ti ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́, ẹnì kan ò gbọ́ kó sọ pé “ó ti parí” rí. Bó bá tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe tán, á ní, “Ẹ jẹ́ ká tún un wò.” Bó bá kan ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, bákan náà. Ìyàwó rẹ̀, kó tó ṣaláìsí, máa ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé ọjọ́ tí òun gbà láti fẹ́ ọkùnrin náà, ohun tó fi dá òun lóhùn ni, “Ṣé ó dá ọ lójú? Jẹ́ ká tún un wò.” Wọ́n á rẹ́rìn-ín, ọkọ náà á bá wọn rẹ́rìn-ín, á sì gbé ife tíì tí wọ́n fún un sókè wò, bóyá ó sán.

Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún kó tó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà. Inú ìwé tí ọmọ rẹ̀ obìnrin kà tán nílé ẹ̀kọ́ gíga ló ti kọ́ ọ. Ọmọ ń kó ìwé dànù, bàbá ń ṣà á. Ìwé ọ̀fẹ́ ni, ojú tó fi kà á nìkan ló náwó, torí awò méjì ló rà kó tó débi tó gbádùn rẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké tí kò lágbára láti ra rọ́bọ́ọ̀tì olówó ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í wá a kàn. Á wá àlòkù mọ́tò kékeré tí ń yí irin, á ra irin, á jókòó kọ ètò tí yóò máa darí rẹ̀, á sì gbé apá irin dìde níye tí kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin owó tuntun.

Èyí tó ṣe fún ilé-iṣẹ́ ọṣẹ ga tó ọkùnrin tó dúró. Níparí bẹ́líìtì, rọ́bà gígùn tó ń yí gbé pálí kọjá, ni wọ́n fi bóòtù dè é mọ́lẹ̀ sí. Bí pálí bá ti yọ, apá á tẹrí ba, á fi ẹnu rọ́bà fà á mọ́ra, á gbé e sókè, á yí padà, á sì tò ó lé orí àwọn tó ti wà nílẹ̀. Títẹríba yẹn ló mú kí àwọn òṣìṣẹ́ máa pè é ní Ìyàwó. Olórí àwọn tó ń di ọṣẹ sínú pálí, obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Pálí, ló sọ ọ́ lórúkọ. Ẹnu Ìyá Pálí kì í sinmi, ọwọ́ rẹ̀ náà kì í sinmi, kò sì sẹ́ni tó mọ èyí tó ń fa ìkejì. Bí apá ṣe di Ìyàwó, Ká-tún-un-wò di Ọkọ Ìyàwó nìyẹn, láìsan owó orí.

Àìsàn tó ń ṣe Ìyàwó kò ju ẹyọ kan lọ. Á máa ṣiṣẹ́ lọ geere, lójijì á dúró bí ẹni tí wọ́n pè lórúkọ látẹ̀yìn. Kò ní pẹ́ tó kí èèyàn ṣẹ́jú. Lẹ́yìn náà á fò síwájú bí ẹni tó ń lé àkókò tó sọnù bá, ẹnu rọ́bà á tú, pálí á já, ọṣẹ á fọ́n ká ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó ya gbogbo èèyàn lẹ́nu ni pé bí Ká-tún-un-wò bá ti wọlé, àìsàn lọ.

“Ọkọ Ìyàwó, ẹ káàbọ̀ o!” Ìyá Pálí á kígbe láti ibi tó wà. “Ẹ wò ó, ó ti gbọ́ ìró ẹsẹ̀ yín, ó ti tún ara ṣe. Gbogbo ilẹ̀ tẹ́ ẹ rí yìí, ọṣẹ la fi ń yọ̀ kiri níbẹ̀ láti àárọ̀.”

“Ìyá Pálí, ẹ̀rọ ò mọ ọkọ, kò mọ àlè.”

“Ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀. Tèmi nílé kì í ṣe ẹ̀rọ, ìgbà tí mo bá yíjú lòun náà máa ń ju nǹkan sílẹ̀.”

Àwọn ọmọbìnrin tó wà nídìí bẹ́líìtì á bú sẹ́rìn-ín. Ká-tún-un-wò á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á fọwọ́ kan mọ́tò, á wò ó bóyá ó gbóná jù. Kò gbóná jù. Á jókòó tì í títí dọ̀sán, nǹkan kan ò ní já. Á wá gba owó ọkọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ Akápò, á lọ sílé. Kó tó bọ́ bàtà, wọ́n á ti pè é pé Ìyàwó tún ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ajé kan, Akápò ránṣẹ́ pè é sínú ọ́fíìsì. Ọmọbìnrin tó lè jẹ́ ẹgbẹ́ ọmọ rẹ̀ ni, kì í sì í ṣe èèyàn burúkú. Ibi tí àwọn ẹlòmíràn ti ń rí ọṣẹ lòun ti ń rí ìṣirò, ìyẹn ni wọ́n sì ń sanwó fún.

“Bàbá, ẹ jókòó. Mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú.”

“Ẹ bi mí, Akápò.”

“Bí ẹ bá wà níbí, kì í ju pálí. Bí ẹ bá lọ, á jù ú. Ká tó pè yín dé, ó ti jáwọ́. Owó ọkọ̀ tá a ti san fún yín lórí lílọ bíbọ̀ yìí, mo ti rò ó pọ̀, kò dùn-ún gbọ́. Ṣé kì í ṣe pé ẹ dè é mọ́ ara yín, ká lè máa pè yín títí ayé?”

Ká-tún-un-wò wo ojú rẹ̀ bóyá àwàdà ni. Kì í ṣe àwàdà. Ó ti bá àwọn èèyàn ṣiṣẹ́ pẹ́. Wọ́n ti pè é ní ẹni tó lọ́ra, wọ́n ti pè é ní ẹni tó ń ṣe fínnífínní jù, àmọ́ ẹnì kan ò fẹnu kan ọ̀rọ̀ olè níwájú rẹ̀ rí.

“Èmi? Kí n dè é mọ́ ara mi?”

“Mi ò ní ẹ ṣe é, Bàbá. Mo ní ká wò ó ni. Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ máa ń ní ká tún un wò.” Ó yọ kálámù lẹ́yìn etí, ó tún fi í pa mọ́ síbẹ̀. “Ọjọ́ Ẹtì yìí, ẹ jókòó sílé yín. Ẹ má wá rárá. Bó bá ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́ láìsí yín, ẹ wá gbowó yín. Bó bá tún da ọṣẹ nù, a máa tú bóòtù rẹ̀, ẹ wá mú ìyàwó yín lọ sílé. Owó tó kù á wà níbi tó wà.”

Ká-tún-un-wò ní ó dáa.

Ilé tí Akápò ní kó mú ìyàwó lọ yẹn, yàrá kan àti pálọ̀ ni, lókè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta táyà. Ògiri ilé kejì ló dí fèrèsé rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé kò pọ̀, òórùn rọ́bà ló pọ̀. Àga méjì ló wà nídìí tábìlì: ọ̀kan tó ń jókòó sí, èkejì tó ń kó wáyà lé láti ìgbà tí ẹni tó ń jókòó síbẹ̀ ti kú. Àwo kan ló ń lò. Bó bá jẹun tán, á fọ̀ ọ́, á tún fi jẹun. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì àdúgbò náà dà bí àlejò tí kò fẹ́ jókòó: á yọjú, á kí yín, ẹ máa rò pé ó ti wọlé, ó ti lọ.

Bó bá ti jókòó ti oúnjẹ, á gbé fóònù rẹ̀ ti ife omi. Gbogbo ìgbà tí Ìyàwó bá gbé pálí kan kalẹ̀ nílé-iṣẹ́, fóònù á ṣe *tín*. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé nítorí iṣẹ́ lòun ṣe fi ìyẹn sínú ètò náà, kóun lè máa ka iye tó gbé. Irú irọ́ tí kì í náni lówó nìyẹn, òun lèèyàn sì máa ń pa jù. Kò kà á rí. Á kàn máa jẹun, *tín*, á bu omi mu, *tín*, bí ẹni tí wọ́n jọ jókòó tí ẹnì kejì ń ní “ẹn-ẹ́n, ẹn-ẹ́n” sí ọ̀rọ̀ tí kò tíì sọ. Nírọ̀lẹ́ tí ilé-iṣẹ́ bá ṣíwọ́, *tín* á dákẹ́. Ìgbà náà ni pálọ̀ á tó rántí pé òun ṣófo.

Ọmọ rẹ̀ gbọ́ ọ lórí fóònù lọ́jọ́ kan. Ìlú mìíràn lọmọ náà ń gbé, ibi tí ọkọ̀ ń fi odindi ọjọ́ rìn dé, ó sì ti bí ọmọbìnrin kan tí bàbá àgbà rẹ̀ kò tíì fojú rí àfi nínú fóònù.

“Bàbá, kí ló ń dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín yẹn?”

“Apá ni. Ó ń sọ pé òun ti gbé pálí.”

“Ẹ̀yin àti apá irin lẹ jọ ń jẹun?”

“Kì í jẹ tèmi ní tiẹ̀.”

“Bàbá, ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Bó bá ṣe ariwo lẹ fẹ́, èyí tó wà lọ́wọ́ mi yìí mọ̀ ọ́n pa.”

“Màá wá. Jẹ́ kí n gba owó iṣẹ́ yìí ná.”

Òótọ́ ni. Gbogbo owó àkọ́kọ́ ló ti bá mọ́tò àti kọ̀ǹpútà lọ. Ọ̀kẹ́ mẹ́sàn-án yẹn ni owó ọkọ̀, òun ni aṣọ tí yóò mú lọ́wọ́ fún ọmọ, òun ni yóò jẹ́ kó lè ti ilẹ̀kùn rẹ̀ fún oṣù kan láìsí pé onílé wá fi owó ilé dà á láàmú.

“Iṣẹ́ yín kì í tán, Bàbá,” ọmọ náà sọ. “Kó tó tán, ọmọ yìí á ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá bá yín.”

Lẹ́yìn ọjọ́ náà, kò tún sọ pé kó máa bọ̀ mọ́. Ó ṣì ń pè, ó ń béèrè àlàáfíà ara rẹ̀, ó ń ní ọmọ ń kí i. Ṣùgbọ́n kò ní kó máa bọ̀ mọ́. Kí wọ́n máa yọ èèyàn lẹ́nu pé kó wá, ó ní bó ṣe ń dunni. Kí wọ́n jáwọ́, ìyẹn tún wá jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nítorí náà, nígbà tí Akápò fún un ní ọjọ́ Ẹtì, ó mọ ohun tí wọ́n ń fi dù ú.

Ó ti náwó sórí àìsàn náà. Ó ti pààrọ̀ wáyà, ó ti pààrọ̀ ẹnu rọ́bà, ó ti ra ẹ̀rọ kékeré kan tí kì í jẹ́ kí iná mànàmáná máa fò sókè sódò. Ọ̀kẹ́ kan àti ààbọ̀ lọ síbẹ̀, kò sì sí èyí tó ràn án lọ́wọ́. Ó wá ku ètò tó kọ, àárín ètò náà gan-an, èyí tí àwọn tó mọ iṣẹ́ ń pè ní lúùpù, tí òun ń pè ní ìyípo.

Kò le yé èèyàn. Ẹ wo ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́. Á wo ọ̀nà, á mọ̀ bóun ti ń yà, á fọwọ́ tún un ṣe díẹ̀, á tún wo ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ náà ni apá irin: á wo ibi tóun wà, á ṣírò ibi tó yẹ kóun wà, á ti mọ́tò díẹ̀, á tún padà bẹ̀rẹ̀, nígbà ọgọ́rùn-ún láàárín kí èèyàn tó mí kan. Tí àwọn ìyípo yẹn bá ń lọ déédéé, apá á máa rìn bí omi. Àmọ́ bí ọ̀kan ṣoṣo bá pẹ́, bí ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ bá dijú, mọ́tò á máa lọ sí ibi tí wọ́n tì í sí kẹ́yìn. Ìgbà tó bá fi lajú, á rí i pé òun ti kọjá àyè, á fa ara rẹ̀ padà pẹ̀lú agbára. Ibẹ̀ ni pálí ti ń já.

Ó fi aago sínú ètò náà, kó máa wọn gígùn ìyípo kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn rẹ̀, ó sì lọ sílé. Nígbà tó dé lọ́jọ́ kejì, aago sọ òótọ́ fún un: ìyípo ń pẹ́ lóòótọ́, èyí tó pẹ́ jù gùn ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ bí ẹsẹ̀ àgbà ṣe ju ti ìkókó lọ. Inú rẹ̀ dùn. Ó tún fi aago sí iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wà nínú ìyípo: wíwò, ṣíṣírò, títì. Ó tún lọ sílé. Lọ́jọ́rú, ó ka àbájáde, ẹnu yà á. Wíwò dára. Ṣíṣírò dára. Títì dára. Àpapọ̀ wọn ni kò dára. Bí ẹni tó ka owó rẹ̀ ní ìdì mẹ́ta, tí ìdì kọ̀ọ̀kan pé, tó wá rí i pé owó tó jáde nílé pọ̀ ju ti ìdì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ. Ó kà á, ó tún un kà.

Ní Ọjọ́bọ̀, ó jí pẹ̀lú orí fífọ́, ó wọṣọ wàrà-wàrà, ó sáré bá ọkọ̀. Bó ṣe wọ ilé-iṣẹ́, Ìyá Pálí gbé ohùn sókè bí ìṣe rẹ̀.

“Ọkọ Ìyàwó ti dé o! Ẹ̀yin ọmọ, ẹ fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó ti…”

Kò tíì parí rẹ̀ tí Ìyàwó dúró, tó fò síwájú, tó sì ju pálí sí àárín ilẹ̀. Ọṣẹ kan yí gbirigbiri títí dé ẹsẹ̀ Ká-tún-un-wò. Gbogbo wọn ń wo apá, wọ́n ń wo ọkùnrin náà. Ìyàwó tẹrí ba, ó gbé pálí mìíràn, ó tún jù ú.

“Háà!” Ìyá Pálí káwọ́ lérí. “Ó kọ̀ yín! Ó kọ̀ yín lójú gbogbo wa! Ọkọ Ìyàwó, kí lẹ ṣe fún un lánàá?”

Ẹ̀rín bú, àwọn ọmọbìnrin dì mọ́ ara wọn. Ká-tún-un-wò kò rẹ́rìn-ín, kò sì bínú. Àìsàn tí kì í yọjú níwájú rẹ̀ ti yọjú, ohun tó sì sáré sí i lọ́kàn ni pé kóun ya fọ́tò rẹ̀. Ó na ọwọ́ sápò láti mú fóònù. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Orí tábìlì ni fóònù wà, nílé, níbi tó gbé e tì sára ife omi.

Ó dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ nínú àpò tó ṣófo.

Kì í ṣe òun ni Ìyàwó ń mọ̀ látọjọ́ yìí. Fóònù ni.

Ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó lọ sí ìparí ìyípo náà, lẹ́yìn wíwò, lẹ́yìn ṣíṣírò, lẹ́yìn títì. Ìlà díẹ̀ péré ló wà níbẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́, lọ́jọ́ Àìkú kan tí ẹnikẹ́ni kò pè é. Ìlà àkọ́kọ́ ní kí apá ránṣẹ́ sórí fóònù pé òun ti gbé pálí. Ìyẹn náà ì bá má burú. Àmọ́ nígbà náà, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn kí apá máa sọ̀rọ̀ sínú afẹ́fẹ́. Ẹni tó bá kíni, à á dá a lóhùn, bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nìyẹn. Ó bá kọ ìlà kejì, pé kí fóònù dáhùn pé *Mo gbọ́*, ó sì kọ ìkẹta, pé kí apá dúró títí yóò fi gbọ́ ìdáhùn náà kó tó máa bá iṣẹ́ lọ.

Nílé-iṣẹ́, nẹ́tíwọ́ọ̀kì dára, fóònù inú àpò rẹ̀ ń dáhùn kí apá tó béèrè tán. Nílé rẹ̀, lókè ṣọ́ọ̀bù onítáyà, ìdáhùn ń dé nígbà tó bá wù ú. Ìyàwó á tẹrí ba, á gbé pálí, á ní “Mo ti gbé e,” á wá dijú lórí kẹ̀kẹ́, á máa dúró. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ náà ló ń gbé. Ó fi aago sí iṣẹ́ mẹ́ta, kò fi sí ìkẹrin, torí pé nínú ọkàn rẹ̀ ìkẹrin kì í ṣe iṣẹ́. Bó bá jẹ́ pé ọmọṣẹ́ kan ló ṣe irú rẹ̀, ì bá ti fi ọ̀rọ̀ jẹ ẹ́ bí iṣu.

Ó wá fi aago sí ìkẹrin. Gbogbo àkókò tó sọnù ló pé síbẹ̀.

“Ẹ ti rí i?” Ìyá Pálí ti dé ẹ̀yìn rẹ̀, ó ń nu ọwọ́ sí ìró.

“Mo ti rí i.”

“Kí ni?”

Ó sọ fún un bó ṣe rí, kò lọ́ ọ, kò fi èdè iṣẹ́ bò ó. Ìyá Pálí gbọ́ ọ tán, ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀.

“Ẹ ní gbogbo ọṣẹ tá a ti gbá yìí, ó ń retí pé kẹ́ ẹ dá òun lóhùn ni?”

“Kí n ní mo gbọ́.”

“Ẹ̀gbọ́n,” ó sọ. Kò pè é bẹ́ẹ̀ rí. “Ṣé kò sẹ́nì kan nílé yín tó ń bá yín sọ̀rọ̀ ni?”

Ká-tún-un-wò tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà. Ìyá Pálí yíjú padà, ó sì jágbe mọ́ àwọn ọmọbìnrin pé kí ni wọ́n ń wò, ṣé ilẹ̀ á gbá ara rẹ̀ ni.

Ó mú ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúrò nínú ìyípo, ó fi wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ kan, níbi tí apá ti lè ránṣẹ́ nígbà tó bá ráàyè, tí kò sì ní dúró de ẹnikẹ́ni. Ìyàwó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bí omi. Ó lè fi í síbẹ̀ kó dákẹ́. Tó bá sọ pé wáyà tuntun ló wò ó sàn, ta ló fẹ́ jiyàn? Bó bá dákẹ́, ọ̀kẹ́ mẹ́sàn-án pé. Bó bá sọ̀rọ̀, wọ́n á yọ owó ọṣẹ tó ṣòfò. Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Àmọ́ ọ̀rọ̀ olè tí Akápò sọ kò tíì kúrò lára rẹ̀, kò sì fẹ́ gbé e lọ bá ọmọ ọmọ rẹ̀. Ó kan ilẹ̀kùn ọ́fíìsì.

“Akápò, ohun tẹ́ ẹ sọ lọ́jọ́ Ajé, òótọ́ ni. Mo dè é mọ́ ara mi.”

Akápò gbé orí sókè.

“Kì í ṣe torí owó,” Ká-tún-un-wò sọ. “Mi ò mọ̀ pé mo dè é. Mo fi sí i kó máa bá mi sọ̀rọ̀ nílé ni. Ó wá ń dúró dè mí.”

Akápò wo bàbá náà, ó wo fèrèsé, ó wá fa ẹ̀rọ ìṣirò sún mọ́ ara rẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ di nǹkan kan mú.

“Ọṣẹ tó ṣòfò, ọ̀kẹ́ méjì ni.”

“Mo gbà.”

“Ó ku ọ̀kẹ́ méje, bí ọ̀la bá lọ dáadáa. Ìsọ̀rọ̀ yẹn ńkọ́, ṣé ó ṣì wà níbẹ̀?”

“Ó wà, àmọ́ kò lè dá iṣẹ́ dúró mọ́. Ó lè máa sọ tiẹ̀ lọ, kò ní retí èsì.”

“Ṣé ó wà nínú ohun tá a sanwó fún?”

“Rárá.”

“Ẹ yọ ọ́ tán, Bàbá.” Ohùn rẹ̀ kò le. “Bí nǹkan bá tún ṣe é lọ́jọ́ iwájú, mi ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni ní ẹ̀yin ni.”

Ó padà síbẹ̀, ó yọ ọ́ tán.

Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, ó jókòó sílé bí wọ́n ṣe pa á láṣẹ. Ó gbé fóònù ti ife omi nítorí àṣà. Fóònù kò dún. Ilé-iṣẹ́ ti ṣílẹ̀kùn, ó mọ̀. Bẹ́líìtì ti ń yí. Ìyàwó ń gbé tàbí ó ń jù, kò sí ọ̀nà tó fi lè mọ̀. Nísàlẹ̀, wọ́n ń fi òòlù gbá irin táyà. Omi ń já nínú pọ́ǹpù ẹni tó wà lẹ́yìn ògiri. Ó fọ àwo rẹ̀. Ó kó àwọn wáyà kúrò lórí àga kejì, ó tò wọ́n sínú àpótí, ó nu àga náà, ó sì rí i pé kò sóhun tóun fẹ́ gbé síbẹ̀. Ó dán an wò, ó jókòó sí i. Láti ibẹ̀, àga tirẹ̀ ni èèyàn ń rí, lófìfo. Ìyàwó rẹ̀ tó ṣaláìsí ti rí ìyẹn pẹ́, ní gbogbo ọjọ́ tí òun fi ń tún nǹkan wò níta títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Ó dìde kíá.

Fóònù dún nígbà tí oòrùn ti kúrò lára ògiri.

“Ọkọ Ìyàwó!” Ariwo ilé-iṣẹ́ bo ohùn Ìyá Pálí. “A ti ṣíwọ́ o! Kò ju pálí kankan sílẹ̀!”

“Kò ju ìkankan sílẹ̀? Ṣé ó dá yín lójú?”

“Tẹ́ ẹ bá fi lè ní ká tún un wò, màá wá bá yín nílé yẹn!”

Ó rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ tó ti rẹ́rìn-ín nínú yàrá náà, ohùn ara rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bà á lẹ́rù.

Ní ọjọ́ Ajé, Akápò ka ọ̀kẹ́ méje sí i lọ́wọ́, ó yọ kálámù lẹ́yìn etí, ó sì fọwọ́ sí i pé gbèsè tán. Ó rí báàgì tó wà lẹ́sẹ̀ bàbá náà.

“Ẹ ń rìnrìn àjò ni?”

“Mo fẹ́ lọ wo ọmọ ọmọ mi.”

“Wọ́n mọ̀ pé ẹ ń bọ̀?”

“Wọn ò tíì mọ̀.”

Ní ibùdókọ̀, ó pe ọmọ rẹ̀. Fóònù ń dún lọ́hùn-ún, kò sẹ́ni tó gbé e. Ibi iṣẹ́ ló máa wà. Tẹ́lẹ̀, ì bá jókòó sórí bẹ́ǹṣì kó máa dúró títí yóò fi gbọ́ láti ẹnu rẹ̀. Ó tẹ ọ̀rọ̀ kúkúrú ránṣẹ́ sí i: *Iṣẹ́ ti tán. Mo ti wà lọ́nà.* Ó fi fóònù sápò, ó lọ síwájú ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì.

“Àlọ nìkan ni, àbí àlọ àti àbọ̀?” ọkùnrin náà bi í. “Ẹ máa rí ẹ̀dínwó tẹ́ ẹ bá san méjèèjì pọ̀.”

Ká-tún-un-wò ro ẹ̀dínwó náà. Ó tó owó aṣọ ọmọdé kan, kì í ṣe ohun tí wọ́n ń jù nù.

“Ẹ jẹ́ ká…” ó bẹ̀rẹ̀, ó sì dákẹ́. “Àlọ nìkan.”

Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó gbé báàgì lé orí ẹsẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ gbéra, fóònù kò tíì dún.